Àṣẹ Lórí Ọmọ Tí A Kò Bí: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ògùn

Sí Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ògùn, Ọmọọba Dàpọ̀ Abíọ́dún;
sí Kọmíṣọ́nnà fún Ọ̀rọ̀ Àwọn Obìnrin àti Ìdàgbàsókè Àwùjọ;
sí àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ Ṣágámù, Ìkẹ́nnẹ́ àti Àríwá Rẹ́mọ;
àti sí gbogbo ọmọ Rẹ́mọ nílé lóko.

Ẹ̀yin aṣáájú wa,

Nítorí àwọn ọmọ tí kò lè dìbò ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí, àwọn tí kò ní bàbá tí yóò bá wọn dé ọ́fíìsì yín: ọmọ tó wà ní ilé ọmọ aláìníyàá, ọmọ tó wà ní ilé ìtọ́jú, ọmọ tí wọ́n mú lọ sí ilé àtúnṣe ìwà. Òṣìṣẹ́ ni bàbá àti ìyá tí wọ́n ní. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí a jọ dáhùn: àṣẹ wo ni òfin fún ẹni tó ń tọ́jú ọmọ tí kò bí, ibo sì ni àṣẹ náà pin sí?

Bí ẹ bá bi aráàlú léèrè, ẹ ó gbọ́ èsì mẹ́ta. Àwọn kan gbà pé kò sí ohun tí wẹ́lífíà, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọmọdé, kò lè ṣe. Wọ́n ń fi orúkọ wẹ́lífíà dẹ́rù ba ọmọ tó ń ṣe ìjàngbọ̀n. Àwọn kan ní ẹni tó dá ilé ọmọ aláìníyàá sílẹ̀ nítorí Ọlọ́run, èèyàn kò gbọdọ̀ bi í ní nǹkan kan. Àwọn kẹta gbà pé ọmọ tí kò ní òbí, ti ẹni tó ń bọ́ ọ ni. Òfin ilẹ̀ wa kò fara mọ́ ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òfin ló ń fúnni ní àṣẹ lórí ọmọ ẹlòmíràn. Àánú nìkan kò tó láti fúnni ní àṣẹ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ géètì kò lè fúnni.

Gómìnà wa, ọmọ Ìperu ni yín, ẹ mọ Rẹ́mọ ju ẹni tí a ń rohìn fún lọ. Ṣágámù ni oríta tí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ti pàdé ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀rẹ̀ àti Bìní. Níbi tí ọkọ̀ ti ń já èrò tọ̀sán tòru, ọmọ a máa sọnù níbẹ̀, ọmọ tó sá kúrò nílé a máa balẹ̀ síbẹ̀, àwọn tó ń gbé ọmọ kiri a sì máa gba ibẹ̀ kọjá. Ṣágámù yìí kan náà ni ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà. Níbikíbi tí àwọn aláboyún bá ti ń bímọ, ìgbà mìíràn wà tí ìyá á lọ tí ọmọ á kù, ìgbà mìíràn sì wà tí ìyá á fi ọmọ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì kó sá lọ. Ọ̀rọ̀ ọmọ tí kò ní ẹni tí yóò gbé e kò ṣàjèjì sí wa.

Kò sì yẹ kó ṣàjèjì sí wa pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè di èèyàn pàtàkì. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí wọ́n bí ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọdún 1909, ṣì jẹ́ ọmọdé nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní 1920. Ó gbé lọ́dọ̀ ẹni tó jù ú lọ, ó ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ kó tó lè kàwé. Ọmọ aláìníbaba yìí ló di Pírémíà Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí ìjọba rẹ̀ fi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ́lẹ̀ fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1955. Ìlú tó bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ojú ẹrù wo ọmọ tí kò ní òbí.

Àwọn bàbá wa ní ẹnì kan ló ń bímọ, igba èèyàn ló ń wò ó. Nínú agboolé àtijọ́, ọmọ òrukàn kò nílò ẹni tí yóò wá láti ọ́fíìsì wá yẹ ilé wò. Bí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ bá ń fìyà jẹ ẹ́, ìyá àgbà tó wà ní ojúde kejì á gbọ́ igbe rẹ̀. Bí oúnjẹ rẹ̀ bá ń dín kù, ara rẹ̀ á sọ fún gbogbo ilé. Olórí ẹbí á sì pe ìpàdé. Ilé ìtọ́jú òde òní ní ògiri gíga, ó ní géètì, ó ní ọlọ́dẹ tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ojú méjì tàbí mẹ́ta ló kù tó ń wo ọmọ, ojú àwọn tó sì ń gba owó oṣù lórí rẹ̀ náà ni. Iṣẹ́ tí òfin wá ṣe ni láti dá igba ojú yẹn padà: ojú adájọ́, ojú wẹ́lífíà, ojú dókítà, ojú olùkọ́, ojú aládùúgbò. Níbi tí òfin bá ti sùn, ọmọ náà kù sáàárín ògiri òun nìkan.

Òfin náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1943, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin lórí àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ ní Nàìjíríà, Ìwọ̀-Oòrùn wa náà sì lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òfin yẹn ka ẹni tí kò tíì pé ọdún 14 sí ọmọdé, ó ka ẹni tó ti pé 14 tí kò tíì pé 17 sí ọ̀dọ́, ó sì gba kọ́ọ̀tù láàyè láti pàṣẹ pé kí wọ́n na ọmọ lẹ́gba. Nígbà tó di ọdún 1989, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, Nàìjíríà sì fòǹtẹ̀ lù ú ní 1991. Lẹ́yìn èyí ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Àbújá ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ní ọdún 2003, tó sọ pé ọmọ ni ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì pé ọdún 18. Ìpínlẹ̀ Ògùn kò sùn lórí rẹ̀: ní 2006 ni ìpínlẹ̀ wa ṣe tirẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn kò tíì ronú kàn án. Ohun ìyìn ni. Ṣùgbọ́n òfin tí òṣìṣẹ́ kò mọ̀, tí ọmọ kò gbọ́ rí, inú àpótí ló wà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, láti orí àṣẹ gbígba ọmọ wọlé. Òfin ọdún 2003 ka àwọn ọmọ tí ìjọba lè nawọ́ sí: ọmọ òrukàn tàbí èyí tí ẹbí kọ̀ sílẹ̀, ọmọ tí wọ́n ń lù ní àlùbolẹ̀ tàbí tí wọ́n ń fi ebi pa, ọmọ tí òbí rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n tàbí tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé, ọmọ tó ń rìn kiri láìnílé, ọmọ tí wọ́n fi ń tọrọ báárà. Òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó ìdàgbàsókè ọmọ, tí àwa ń pè ní wẹ́lífíà, tàbí ọlọ́pàá, lè mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá síwájú kọ́ọ̀tù. Síwájú kọ́ọ̀tù ni òfin sọ. Bí ewu bá ti dé tán, ọlọ́pàá lè gbé ọmọ kúrò níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ tọ́jú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ju wákàtí 72 lọ. Kọ́ọ̀tù náà lè fúnni ní ìwé àṣẹ pàjáwìrì láti dáàbò bo ọmọ, ọjọ́ 8 péré sì ni òfin kọ́kọ́ fún un. Ẹ wo bí òfin ṣe ń díwọ̀n rẹ̀: wákàtí ló fún ọlọ́pàá, ọjọ́ ló fún àṣẹ pàjáwìrì, ohun tó bá ju ìyẹn lọ dọwọ́ adájọ́ tó ti gbọ́ tẹnu ẹbí àti tẹnu ọmọ.

Nítorí náà, ọmọ tó ti lo ọdún méjì nínú ilé ìtọ́jú tí kò sí ìwé kọ́ọ̀tù kankan nínú fáìlì rẹ̀, kì í ṣe abẹ́ òfin ló wà. Ó lè máa jẹun, ó lè máa lọ sílé ìwé, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ lè jẹ́ onínúure. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ ẹni tó ni àṣẹ lórí rẹ̀. Ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ bá dé láti ibi tó sá lọ, tàbí tí ẹbí bàbá rẹ̀ bá jáde láti Òde Rẹ́mọ tàbí Ìṣarà, ìjà ló máa dá sílẹ̀ lórí ọmọ náà, kò sì ní sí ìwé tí yóò pa á.

Ìtọ́jú ni àṣẹ kejì. Nígbà tí kọ́ọ̀tù bá fi ọmọ lé ìjọba lọ́wọ́, ojúṣe òbí ló gbé lé e: oúnjẹ, aṣọ, ilé ìwé, oògùn, ìfẹ́. Ìwé kọ́ọ̀tù yìí wúlò ju bí àwọn kan ṣe rò lọ. Bí ikùn ọmọ bá wú lóru, tí dókítà sọ pé iṣẹ́ abẹ ló kù, ta ni yóò fọwọ́ síwèé? Olùtọ́jú tó ní àṣẹ kọ́ọ̀tù lẹ́yìn mọ ohun tó lè fọwọ́ sí, ó sì mọ ẹni tó gbọ́dọ̀ pè. Èyí tí kò ní, ẹ̀rù á máa bà á láti fọwọ́ sí i, ẹ̀rù á sì máa bà á láti má fọwọ́ sí i. Òfin ọdún 2003 kan náà fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí orúkọ rẹ̀ àti sí ẹ̀sìn rẹ̀. Orúkọ tí ọmọ gbé wá láti ilé bàbá rẹ̀, ẹ̀sìn tí wọ́n bá a nínú rẹ̀, kì í ṣe ohun tí olórí ilé ìtọ́jú kan yóò jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan kó fi èyí tó wù ú rọ́pò, ì báà jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí ló ń ná owó lórí ilé náà.

Àṣẹ kẹta ló gbóná jù nínú ọ̀rọ̀ wa: ìbáwí. Ní gúúsù Nàìjíríà, òfin ìwà ọ̀daràn tí a jogún láti ayé Gẹ̀ẹ́sì ṣì gbà, ní apá rẹ̀ tó jẹ́ 295, pé òbí tàbí alágbàtọ́ lè lu ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 láti tọ́ ọ sọ́nà, bí kò bá ti fa ọgbẹ́ tàbí ìpalára ńlá, tó sì mọ níwọ̀n. Òun náà ló sọ pé òbí lè gbé àṣẹ yẹn fún ẹni tó fi ọmọ sọ́dọ̀. Abẹ́ igi yìí ni ọ̀pọ̀ olùtọ́jú ń sá sí. Ṣùgbọ́n apá 11 nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìyà jẹ ara ọmọ, tàbí ọkàn rẹ̀, tàbí kó tẹ́ ẹ. Ó dárúkọ òbí, alágbàtọ́, ilé ìwé àti ilé yòówù tí ọmọ bá wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀, pé wọn kò gbọdọ̀ sọ ọmọ dẹrú. Apá 221 sì sọ pé kò sí kọ́ọ̀tù tó gbọdọ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n na ọmọ, kí wọ́n rán an lẹ́wọ̀n, tàbí kí wọ́n pa á. Bí adájọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ látòkè délẹ̀ kò bá lè ní kí wọ́n na ọmọ ní pàṣán kan ṣoṣo, ibo ni olùtọ́jú tí kò gbọ́ ẹjọ́ kankan ti rí tirẹ̀?

Mo mọ ohun tí àwọn àgbà yóò sọ: bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Òótọ́ ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ náà. Ìdí gan-an nìyí tí pàṣán kò fi yẹ nínú ilé ìtọ́jú. Ìyá tó na ọmọ rẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ̀gbẹ́ ọmọ yẹn ló máa sùn lálẹ́. Òṣìṣẹ́ tó na ọmọ ìjọba, tí agogo iṣẹ́ bá lù, ilé rẹ̀ ló ń lọ, òṣìṣẹ́ mìíràn ló ń wọlé. Ọwọ́ òsì nìkan ló délé ọmọ náà. Mo bẹ̀ yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìlànà tó hàn kedere pé kò sí ẹgba, kò sí ìkúnlẹ̀ nínú oòrùn, kò sí fífi oúnjẹ du ọmọ, ní ilé ìtọ́jú kankan tó ń lo ìwé àṣẹ Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Àṣẹ kẹrin ni títi ìlẹ̀kùn. Ìwé òfin ńlá ti ọdún 1999, ní apá 35, gbà pé a lè ká ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 lọ́wọ́ kò nítorí ẹ̀kọ́ rẹ̀ tàbí ire rẹ̀. Gbólóhùn kékeré ni, agbára rẹ̀ sì pọ̀, nítorí olúkúlùkù ló lè ní ire ọmọ ni òun ń wá. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, ọlọ́pàá wọ ilé kan ní Òjóò, n'Ìbàdàn, tí wọ́n ń pè ní ilé àtúnṣe ìwà, wọ́n kó èèyàn 259 jáde níbẹ̀, tọkùnrin tobìnrin, tọmọdé tàgbà. Wọ́n bá àwọn tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè. Ẹbí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló fi ọwọ́ ara wọn mú wọn lọ síbẹ̀, pẹ̀lú èrò pé ìwà wọn yóò tún ṣe. Bí òbí bá tilẹ̀ fọwọ́ sí i, kò sí òbí tó ní àṣẹ láti de ọmọ mọ́lẹ̀ bí ẹran iléyá. Àṣẹ tí èèyàn kò ní, kò lè fún ẹlòmíràn.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan. Ní Staffordshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín ọdún 1983 sí 1989, àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́lífíà ìjọba ń ti ọmọ mọ́ yàrá fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú ilé ìtọ́jú, wọ́n ń gba aṣọ àti bàtà wọn, wọn kò jẹ́ kí wọ́n bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Wọ́n fún un lórúkọ, Pindown, wọ́n sì ń kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ bí ẹni tó ń ṣe ohun tó tọ́. Ọmọ tó lé ní 100 ló jìyà rẹ̀. Nígbà tí Allan Levy àti Barbara Kahan ṣe ìwádìí rẹ̀ tí wọ́n sì gbé àbájáde jáde ní 1991, wọ́n sọ pé ìwà náà kò bófin mu. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ wúwo: àwọn òṣìṣẹ́ yẹn kàwé, ìjọba ló ń sanwó fún wọn, wọ́n sì gbà pé àwọn ní àṣẹ. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn níbi tí àṣẹ pin sí, ọ̀gá wọn kò sì wọ yàrá náà wò.

Fún ọmọ tó ṣẹ̀ sófin, ààlà náà tún le sí i. Kì í ṣe inú àhámọ́ àwọn àgbàlagbà ló yẹ ká bá a. Ilé ẹ̀kọ́ àtúnṣe Borstal wà ní Abẹ́òkúta fún àwọn ọ̀dọ́ láti ọdún 16 sí 21, ọ̀kan nínú mẹ́ta péré tó wà ní gbogbo Nàìjíríà. Àwọn méjì yòókù wà ní Kàdúná àti Ìlọrin. Kọ́ọ̀tù ló ń rán ọmọ lọ síbẹ̀. Bàbá tó bá fẹ́ kí wọ́n bá òun kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ kò lè fi ọ̀rẹ́ tó jẹ́ ọlọ́pàá ṣe é ní àtẹ̀yìnwá, ọ̀gá ọlọ́pàá náà kò sì ní àṣẹ bẹ́ẹ̀.

Àṣẹ karùn-ún ni gbígbé ọmọ jáde. Ibẹ̀ ni owó ti ń wọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọmọ ṣe tirẹ̀ pátápátá, kọ́ọ̀tù nìkan ló lè fún un. Òfin ọdún 2003 ní kí tọkọtaya tó fẹ́ gba ọmọ ti pé ọdún 25 ó kéré tán, kí ẹni tó ń gbà á fi ọdún 21 ju ọmọ náà lọ, kí ó ti sọ fún wẹ́lífíà ní oṣù 12 ṣáájú, kí ọmọ sì ti gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta gbáko kí adájọ́ tó fọwọ́ sí i. Àwọn tó ń wá ọmọ máa ń rò pé wàhálà lásán ni oṣù 12 yẹn. Oṣù tí òṣìṣẹ́ fi ń wádìí ni: ṣé lóòótọ́ ni kò sí ẹbí tó ń wá ọmọ yìí, ṣé ilé tó ń lọ dára, ṣé ọmọ ni wọ́n ń wá tàbí ọmọ ọ̀dọ̀?

Olórí ilé ọmọ aláìníyàá kò ní àṣẹ láti fi ọmọ ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ, ì báà jẹ́ olówó tó kọ́ ilé fún wọn. Apá 30 nínú òfin náà sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá ra ọmọ, tó tà á, tó fi yá ẹlòmíràn, tàbí tó ń ṣòwò rẹ̀ lọ́nàkọnà, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ni. Ìpínlẹ̀ wa mọ ìdí tí òfin fi le tó bẹ́ẹ̀. Láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ọlọ́pàá Ògùn ti wọ ilé tí wọ́n ti ń kó àwọn aláboyún jọ ní Mowé, níbi tí wọ́n ti ń bímọ tà. Ọmọ tí wọ́n bá tà báyìí nílò ìwé tí yóò fi dà bí ọmọ tí wọ́n gbà lọ́nà tó tọ́. Ọwọ́ òṣìṣẹ́ tí kò bẹ̀rù òfin ni wọ́n ti ń wá ìwé náà. Nítorí náà, bí òṣìṣẹ́ wẹ́lífíà bá dúró lórí òtítọ́, òun gan-an ni géètì tí àwọn oníṣòwò ọmọ kò lè fò.

Mo ní láti sọ̀rọ̀ kan fún àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn. Ẹ̀yin wẹ́lífíà, ẹ̀yin olùtọ́jú ọmọ ní Rẹ́mọ, mi ò kọ lẹ́tà yìí láti fẹ̀sùn kàn yín. Iṣẹ́ yín wúwo. Ẹ̀yin ni wọ́n ń pè lóru nígbà tí wọ́n bá rí ọmọ ìkókó lẹ́bàá ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ yín ló ń fi owó ọkọ̀ ara yín ṣe iṣẹ́ ìjọba. Òfin tó fi ààlà sí àṣẹ yín ń dáàbò bò yín náà: òṣìṣẹ́ tó ní ìwé kọ́ọ̀tù lọ́wọ́, tó kọ ohun tó ṣe sínú fáìlì, kò sí ẹbí tó ń bínú tàbí alágbára tó ń halẹ̀ tó lè mú un. Ẹni tó ṣe rere láìsí ìwé ni ìjì máa ń gbé.

Gómìnà wa, ohun tí mo ń béèrè nìyí.

Àkọ́kọ́, kí ẹ gbé orúkọ gbogbo ilé ìtọ́jú ọmọ tó ní ìwé àṣẹ ní ìjọba ìbílẹ̀ Rẹ́mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síta, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ṣágámù, Ìkẹ́nnẹ́ àti Ìṣarà, kí wọ́n sì máa tún un ṣe ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ilé tí a kò bá rí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, kí aráàlú mọ̀ pé kò ní àṣẹ láti gba ọmọ kankan.

Ìkejì, òfin dá kọ́ọ̀tù ẹbí sílẹ̀, ti ipele Ilé Ẹjọ́ Gíga àti ti májísíréètì. Ẹ jẹ́ kó máa jókòó ní Ṣágámù ní ọjọ́ tí gbogbo èèyàn mọ̀, kí òṣìṣẹ́ Ìkẹ́nnẹ́ tàbí Ìṣarà lè gbé ọ̀rọ̀ ọmọ dé iwájú adájọ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí òfin fún un.

Ìkẹta, kí ẹ ṣe ìwé pélébé kan ní èdè Yorùbá, tí kò ju ojú ewé méjì lọ: ohun tí olùtọ́jú lè ṣe wà lápá kan, ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe wà lápá kejì, nọ́ńbà fóònù tí ọmọ lè pè wà nísàlẹ̀. Kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ síbi tí ọmọ lè kà á, kì í ṣe sí ọ́fíìsì ọ̀gá.

Ìkẹrin, ìbẹ̀wò tí kò ní ìkéde. Kí wẹ́lífíà, nọ́ọ̀sì àti ẹnì kan láti ìlú máa wọ ilé ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan láìsọ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n yẹ fáìlì ọmọ kọ̀ọ̀kan wò, kí wọ́n sì bá ọmọ sọ̀rọ̀ níbi tí olùtọ́jú kò sí. Àdéhùn ọdún 1989 tí Nàìjíríà fọwọ́ sí sọ pé ọmọ tí wọ́n fi sí ìtọ́jú ní ẹ̀tọ́ kí wọ́n máa tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbé yẹ̀ wò lóòrèkóòrè. Ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n máa bi fáìlì náà ni: kí ló dé tí ọmọ yìí ṣì wà níbí, ta ni a ti wá nínú ẹbí rẹ̀? Ìlànà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé kalẹ̀ ní 2009 sì sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, inú ìdílé ló yẹ kó wà. Ilé ìtọ́jú kì í ṣe ibùgbé ayérayé.

Ìkarùn-ún, owó. Àṣẹ tí kò ní ọkọ̀, tí kò ní epo, tí kò ní òṣìṣẹ́ tó tó, ẹnu lásán ni. Ẹ fi owó sí i nínú ìsúná ìpínlẹ̀. Kí ẹ sì ronú sí ọmọ tó bá pé ọdún 18 nínú ilé ìtọ́jú: ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ ìbí rẹ̀ di ọjọ́ tí wọ́n gbé àpò rẹ̀ síta.

Kábíyèsí Akárígbò, Ọba Babátúndé Adéwálé Àjàyí, àti gbogbo ọba Rẹ́mọ, ẹ̀yin lẹ ni ojúde tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè. Mo bẹ̀ yín, kí ìgbìmọ̀ lọ́balọ́ba yan àwọn àgbà tí ọwọ́ wọn mọ́, ọkùnrin àti obìnrin, láti ìlú kọ̀ọ̀kan, tí wọn yóò máa bá wẹ́lífíà rìn lọ sí àwọn ilé wọ̀nyí. Rẹ́mọ ti ní ẹni tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Táí Ṣólàárín, tó dá ilé ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọdún 1956, jẹ́ Kọmíṣọ́nnà fún gbígbọ́ ẹ̀sùn aráàlú ní àwọn ọdún 1970, iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ kí mẹ̀kúnnù lè rí ibi fẹjọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba sùn. Ọmọ tó wà ní ilé ìtọ́jú náà nílò irú etí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ará Rẹ́mọ, bí ẹ bá gbé ìrẹsì àti ọṣẹ lọ sí ilé ọmọ aláìníyàá lọ́jọ́ ìbí yín, ẹ ṣeun. Ẹ fi ìbéèrè méjì kún un: níbo ni ìwé àṣẹ ilé yìí wà, ìgbà wo sì ni wẹ́lífíà wá gbẹ̀yìn? Bí ẹ bá ń wá ọmọ gbà, kọ́ọ̀tù ni ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tó ní òun lè bá yín gé e kúrú fẹ́ sọ yín di ọ̀daràn. Bí ẹ bá gbọ́ igbe ọmọ lẹ́yìn ògiri, ẹ má sọ pé ilé ìjọba ni.

Kò sí ẹni tó ni ọmọ wọ̀nyí bí ẹrù. Ìjọba ló dúró fún òbí wọn, òbí tó bá sì gba ọmọ lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ lè dáhùn fún un: níwájú adájọ́ lónìí, níwájú ọmọ náà nígbà tó bá dàgbà tó wá béèrè ohun tí wọ́n fi ojú rẹ̀ rí. Òfin ti wà láti ọdún 2006. Ọwọ́ yín ló kù sí, Gómìnà wa. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Ṣágámù, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí.

Èmi ni tiyín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀,
Ọmọ Rẹ́mọ kan,
Ṣágámù.